Ta Ló Ni Orúkọ Jọ́nà? Ìtàn Lingua àti Glossa

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2015, àwọn olóòtú mẹ́fà tó ń darí Lingua, jọ́nà ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tó lórúkọ dáadáa, kọ̀wé fipò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ olóòtú náà, 31, bá wọn lọ láìku ẹnì kan. Ẹni tó bá ti jókòó nípàdé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rí mọ̀ pé kí ènìyàn 37 tó fẹnu kò lórí aago tí ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ á ti lọ. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kí gbogbo wọn jọ ju ipò tó ń fún wọn níyì sílẹ̀.

Elsevier ni wọ́n kọ ìwé náà sí, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó fi Amsterdam ṣe ibùjókòó, tó sì wà lára àwọn tó tóbi jù lọ lágbàáyé nínú títẹ ìwé ìmọ̀. Johan Rooryck, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Leiden ní Nẹ́dálándì, ni aṣáájú àwọn olóòtú náà. Owó ni gbogbo ayé gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó ṣẹlẹ̀: iye tí òǹkọ̀wé ń san, iye tí ilé-ìkàwé ń san. Bí mo ṣe ń tú u wò, orúkọ ni mo rí ní ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ ta ni, èrè ta ni

Ẹni tí kò bá sí ní yunifásítì lè má mọ bí jọ́nà ṣe ń rìn. Onímọ̀ kan á ṣe ìwádìí. Yunifásítì rẹ̀ tàbí ìjọba ló ń sanwó oṣù rẹ̀. Á kọ àpilẹ̀kọ, á fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Olóòtú tó gbà á, olùkọ́ ni òun náà ní yunifásítì tirẹ̀. Á wá ẹlẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó mọ ọ̀nà náà dunjú kí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò. Àwọn ayẹ̀wéwò yìí kì í gbowó. Òǹkọ̀wé kì í gbowó. Àpilẹ̀kọ lè lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ọdún á ti yípo kí wọ́n tó ní àwọ́n gbà á. Lẹ́yìn èyí ni òǹkọ̀wé á wá fọwọ́ sí ìwé pé òun ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ àdàkọ fún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ilé-iṣẹ́ á tún un tò, á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì tà á fún àwọn ilé-ìkàwé yunifásítì. Ìyẹn ni pé àwọn tó sanwó oṣù ẹni tó kọ ọ́, tí wọ́n sì sanwó oṣù ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ni wọ́n tún ń sanwó kí wọ́n tó lè kà á.

Láyé ìwé títẹ̀, ètò yìí ní ìtumọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ṣe ohun tí olùkọ́ lè gbé sí kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀. Bébà ń náni lówó, dídì í ń náni lówó, fífi í ránṣẹ́ sí òkè òkun tún ń náni lówó. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, owó tí a fi ń ṣe ẹ̀dà kan kún òmíràn já wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Àwọn onímọ̀ físíìsì tètè rí èyí. Láti 1991 ni Paul Ginsparg ti dá arXiv sílẹ̀, àkójọ àpilẹ̀kọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ wọn síbẹ̀ kí jọ́nà kankan tó fọwọ́ kàn án. Ní 2002 ni ìkéde Budapest jáde, òun ló sì fún open access ní ìtumọ̀ tí a mọ̀ ọ́n sí: kí ẹnikẹ́ni lè ka àpilẹ̀kọ, kó gbà á sílẹ̀, kó dà á kọ, kó pín in fún ẹlòmíràn, láìsan nǹkan kan, láìsí òfin tó dí i lọ́wọ́, bó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Owó àsansílẹ̀ tí ilé-ìkàwé ń san kò tẹ̀lé owó ẹ̀dà wálẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń di ọgọ́rọ̀ọ̀rún jọ́nà pọ̀ bí ẹrù kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń kà àti èyí tí ẹnì kankan kì í ṣí, wọ́n á ní kí ilé-ìkàwé ra gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní 2015 tí à ń wí yìí, nínú gbogbo 100 tó wọlé sí ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti RELX, ilé-iṣẹ́ tó ni Elsevier, nǹkan bí 37 ló jẹ́ èrè. Oníṣòwò tí wọ́n ń kó ọjà wá fún lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn tó mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú tún ń bá ṣà á lọ́fẹ̀ẹ́, kò yẹ kó ṣe kàyéfì pé ó jèrè.

Ohun tí wọ́n béèrè

Rooryck àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò déédé dìde. Wọ́n kọ̀wé sí Elsevier kọ́kọ́, ohun tí wọ́n sì fẹ́ kò lọ́jú pọ̀. Kí gbogbo àpilẹ̀kọ inú Lingua di kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ̀tọ́ àdàkọ wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Kí iye tí wọn yóò máa gbà lórí àpilẹ̀kọ kan má kọjá 400 yúrò. Ìkẹrin ló gbóná jù: kí orúkọ Lingua fúnra rẹ̀ di ti àwọn olóòtú.

Nígbà náà, jọ́nà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni Lingua. Ilé-ìkàwé ń san owó àsansílẹ̀ lórí rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá sì fẹ́ kí ti òun wà ní ṣíṣí fún gbogbo ayé lè san 1,800 dọ́là, wọ́n á ṣí èyíinì nìkan, wọ́n á ti ìyókù pa. Ó ń jẹ lápá ọ̀tún, ó ń jẹ lápá òsì. Ohun tó ń bí àwọn ilé-ìkàwé nínú gan-an nìyí, nítorí pé àpò yunifásítì kan náà ni owó méjèèjì sábà máa ń ti jáde.

Elsevier kọ̀. Wọ́n dáhùn ní gbangba pé 400 yúrò kò lè gbé jọ́nà ró, pé bí àwọn bá gbà á, Lingua á kàn kógbá sílé ni, èyí tí kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Lórí orúkọ, wọ́n ní àwọn ti ná àkókò àti owó púpọ̀ kí Lingua tó di ẹni iyì, pé àwọn ni àwọn dá a sílẹ̀ ní ọdún 66 sẹ́yìn.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Òótọ́ ni pé 1949 ni Lingua bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹrù North-Holland ni Elsevier ti bá a, ọdún 1970 sì ni North-Holland darapọ̀ mọ́ Elsevier. Ẹni tó gba ọmọ tọ́ lè sọ pé òun tọ́ ọ. Kó wá ní òun lòún bí i níwájú àwọn tó mọ ìyá ọmọ, ẹ̀rín ló máa fi pa wọ́n, bí kò bá tiẹ̀ bí wọn nínú.

Síbẹ̀, mi ò ní yan Elsevier jẹ. Lójú òfin, àwọn ni wọ́n ni orúkọ náà. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí, àwọn olóòtú sì ti ń fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjanpata. Kò sì sí irọ́ níbẹ̀ pé iṣẹ́ jọ́nà ń náni lówó títí dòní. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe àṣìkọ, pàápàá nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí àmì ohùn, àtẹ àti àwòrán igi gbólóhùn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ di ojú ewé tó ṣeé kà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan ní láti ní DOI, nọ́ńbà tí kì í yí padà bí àdírẹ́sì rẹ̀ bá tilẹ̀ yí. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà pamọ́ síbi tí kò ní parẹ́ bí ilé-iṣẹ́ bá kú. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni iye tí gbogbo èyí tó, Elsevier kò sì tú ìṣirò tirẹ̀ síta. Ubiquity Press, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń tẹ jọ́nà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gbà láti ṣe é ní iye tí àwọn olóòtú dá.

Ahọ́n méjì

Àdéhùn wọn pẹ̀lú Elsevier kò jẹ́ kí wọ́n dá ohun tó lè bá Lingua figagbága sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Wọ́n dúró. Ní oṣù kìíní 2016, Glossa ṣílẹ̀kùn lọ́dọ̀ Ubiquity.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n yàn. Lingua ni ahọ́n lédè Látìnì. Glossa ni ahọ́n lédè Gíríìkì. Òfin lè ní kí o má gbé orúkọ lọ, kò lè ní kí o má túmọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè nìkan ló lè fi irú àwàdà yìí jà, ó sì ṣiṣẹ́ bí àmì ojú ọ̀nà: ẹni tó bá mọ Lingua, tó gbọ́ Glossa, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé àwọn tí òun mọ̀ ti kó lọ síbòmíràn.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí kò sí nínú ìwé ìfipòsílẹ̀ rárá. Ètò tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń bínú kúrò nílé kí wọ́n tó ronú ibi tí wọn yóò sùn. Àwọn wọ̀nyí ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní LingOA. Àjọ NWO tó ń ná owó ìjọba Nẹ́dálándì sórí ìwádìí, àti VSNU, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì ibẹ̀, ti ṣèlérí owó tí yóò bo iye àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan fún ọdún márùn-ún. Bí ọdún márùn-ún bá pé, Open Library of Humanities yóò gba ẹrù náà. Àjọ yẹn, tí Martin Eve àti Caroline Edwards dá sílẹ̀, kì í gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Àwọn ilé-ìkàwé kárí ayé ló ń dá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, bí ìgbà tí ènìyàn púpọ̀ bá ń dá èésú, tí ọ̀pọ̀ jọ́nà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ sí Glossa kò ní san 400 yúrò yẹn látàpò ara rẹ̀. Bí kò bá ní yunifásítì tó lè san án, bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, bó bá ti fẹ̀yìn tì, kò kan ọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀rù àwọn ọ̀dọ́

Ìṣòro kan wà tí owó kò lè yanjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti gba ipò ayérayé lè fi jọ́nà kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, oúnjẹ rẹ̀ kò sí nínú ewu. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé, tó ń wáṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ dun. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ àti àwọn tó ń fúnni ní ìgbéga máa ń wo orúkọ jọ́nà, wọ́n máa ń wo impact factor, ìyẹn ìṣirò iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí àwọn àpilẹ̀kọ inú jọ́nà náà láàárín ọdún méjì. Jọ́nà tí wọ́n bí lánàá kò ní ọdún méjì lẹ́yìn. Òfo ni ìṣirò rẹ̀. Lingua ti 1949 ní ìṣirò, Glossa ti 2016 kò ní, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kan náà ló ń ka iṣẹ́, tí wọ́n sì ń fi ojú kan náà kà á.

Níbí ni mo ti rí i pé iyì Lingua kò fìgbà kan sí nínú orúkọ ara rẹ̀. Ara olóòtú tí kì í gba ìgbàkugbà ló wà, àti ara ayẹ̀wéwò tó ń fi alẹ́ rẹ̀ ka iṣẹ́ ẹlòmíràn, tó sì mọ ibi tí ẹ̀rí ti ń jò. Gbogbo wọn ló kó lọ. Àwọn òǹkọ̀wé kan tí iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ Lingua nígbà náà yọ ọ́, wọ́n gbé e tẹ̀lé wọn. Àwọn onímọ̀ mìíràn kéde pé àwọn kò ní kọ sí Lingua mọ́, àwọn kò sì ní bá a yẹ iṣẹ́ wò. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà; lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rìn pọ̀. Ká ní méjì nínú àwọn olóòtú mẹ́fà ló dúró ni, tí 15 nínú ìgbìmọ̀ sì dúró tì wọ́n, mo rò pé Glossa ì bá ti di jọ́nà kékeré kan tí àwọn ọ̀rẹ́ ń kọ sí, tí kò sí ọ̀dọ́ tó máa dán an wò.

Elsevier wá àwọn olóòtú mìíràn, Lingua sì ń jáde lọ. Inú ẹrù ńlá tí ilé-ìkàwé ti san owó rẹ̀ ló ṣáà wà. Ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú Lingua nìkan kò rí i ṣe. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Zombie Lingua, òkú tó ń rìn kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn le, ó sì ń gún àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ tó kọ sí i lẹ́yìn náà. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní àkúdàáyà ni wọn ì bá fi sọ ọ́, kó sì jẹ́ Glossa ni wọn á pè bẹ́ẹ̀: ẹni tó kú níbì kan, tó gba ìlú mìíràn lọ, tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn, àmọ́ tí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n rí ṣì mọ ojú rẹ̀.

Jọ́nà tí kò ní láti pa orúkọ dà

Láàárín àkókò kan náà, jọ́nà mìíràn bá LingOA ṣí lọ sí Ubiquity. Laboratory Phonology ni, De Gruyter ló sì ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí ariwo. Ẹnì kankan kò fipò sílẹ̀, kò sí òkú tó ń rìn, kò sí àwàdà Gíríìkì. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ló ni orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. De Gruyter kàn ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n gbé orúkọ wọn, wọ́n gbé ìtàn wọn, wọ́n lọ, bí ayálégbé tó kó ẹrù ara rẹ̀ nígbà tí àdéhùn ilé parí. Kò pàdánù ìṣirò kankan, ọ̀dọ́ kankan kò sì ní láti ṣàníyàn.

Mo ti gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà púpọ̀, ibì kan náà ni mo sì ń dé sí: ìwé kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ìwé tó sọ ẹni tó ni orúkọ. Ìlànà tí Rooryck àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde, tí wọ́n pè ní Fair Open Access, fi èyí ṣe ohun àkọ́kọ́. Kí àwọn onímọ̀ ni jọ́nà, kí ó hàn kedere pé àwọn ló ni ín. Ọ̀rọ̀ owó tẹ̀lé e.

Glossa náà ti jàǹfààní rẹ̀. Ní 2021 ó fi Ubiquity sílẹ̀, ó sì kó lọ sí orí ẹ̀rọ Open Library of Humanities fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ sí i, ní 2022, De Gruyter ra Ubiquity. Jọ́nà tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ kì í bá ilé-iṣẹ́ wọ ọjà títà.

Àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, àwọn mìíràn sì ṣe é lẹ́yìn. Ní 2003, Donald Knuth, àgbà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ lẹ́tà gígùn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Journal of Algorithms lórí iye tí jọ́nà náà ti dà, ìgbìmọ̀ náà sì fipò sílẹ̀. Ní 2019, àwọn olóòtú Journal of Informetrics lọ dá Quantitative Science Studies sílẹ̀.

Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀ ni NeuroImage, jọ́nà àwọn onímọ̀ àwòrán ọpọlọ, tí olóòtú tó lé ní 40 fi sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 2023. Elsevier ló ni òun náà, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn wọn yàtọ̀. NeuroImage ti wà ní ṣíṣí fún gbogbo ènìyàn nígbà náà. Ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí òǹkọ̀wé ń san kó tó wọlé ni wọ́n ń jà sí: 3,450 dọ́là. Wọ́n ní kó wálẹ̀ kó má tó 2,000, ilé-iṣẹ́ kọ̀, wọ́n sì lọ dá Imaging Neuroscience sílẹ̀ lọ́dọ̀ MIT Press. Ẹni tó bá rò pé bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ìjà ti parí, kó wo ibí yìí. Owó ibodè ni wọ́n yọ lọ́rùn ẹni tó ń jáde, tí wọ́n gbé kọ́ ẹni tó ń wọlé lọ́rùn. Òǹkàwé kò sanwó mọ́. Ẹni tó ní nǹkan láti sọ tí kò lówó lọ́wọ́ ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí. Ìdí tí àwọn ará Glossa fi tẹnu mọ́ ọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí pé òǹkọ̀wé kò gbọ́dọ̀ san nǹkan kan, kì í ṣe pé kó kàn san díẹ̀.

Rooryck fúnra rẹ̀ bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ yìí gbangba. Ní 2019 ó dara pọ̀ mọ́ cOAlition S, àkójọ àwọn àjọ tó ń fúnni lówó ìwádìí, tí wọ́n ti pinnu láti 2018 pé iṣẹ́ tí owó àwọn bá ṣe gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo ènìyàn láti kà láìdúró.

Ohun kan kò ṣeé kó lọ. Gbogbo ohun tí Lingua tẹ̀ láti 1949 títí tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Elsevier ló wà. Iṣẹ́ tí àwọn olóòtú wọ̀nyí fúnra wọn yàn, tí wọ́n ṣàtúnṣe, tí wọ́n bá òǹkọ̀wé fà á títí tó fi dára, wà lára rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń ka àpilẹ̀kọ tuntun nínú Glossa lónìí, tó rí i pé ó tọ́ka sí Lingua ti ọdún 2009, tó tẹ ìtọ́kasí náà, ojú ewé tó máa kí i káàbọ̀ á ní kó kọ́kọ́ sanwó.